Sáléńsà Lísítà màámi sán: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é tó ń padà ṣí, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló mú

Èlùbọ́ tó ń rùn èéfín ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Alhájà kan tí wọ́n máa ń gbé gbodo wá lọ̀ lọ́dọ̀ màámi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ èlùbọ́ lẹ́yìn ọjà Mọ́níyà ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú wọn le koko, wọ́n ní àmàlà tí àwọn rò fún oníbàárà ń gbóòórùn dísẹ́ẹ̀lì, pé ṣé ilé ẹ̀rọ làwọn gbé ọjà àwọn wá ni àbí gáráàjì tírélà. Màámi bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kí Alhájà gbé gbodo míì wá káwọn lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni inú wọn fi rọ̀ díẹ̀. Alhájà ò tíì dé títì tí fóònù mi ti ń dún. "Ìwọ tó o máa ń tún nǹkan ṣe, wá wo ẹ̀rọ yìí o, kó tó ba orúkọ mi jẹ́ lọ́jà."

Kí n tètè sọ ọ́ o, èmi kì í ṣe mẹ́káníìkì. Fáànù, ínfátà, áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ni mo máa ń tú. Àmọ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, tí ìyá èèyàn bá ti ní o lè ṣe é, o lè ṣe é nìyẹn, kò sí àwíjàre.

Lísítà ni ẹ̀rọ ọ̀hún, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ní fúláìwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin gbẹ̀ǹgbẹ̀ méjì lọ́tùn-ún lósì, sìlíńdà kan ṣoṣo, tó máa ń dún tù-tù-tù tí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ pé NEPA ò mú iná wá ṣùgbọ́n èlùbọ́ ń lọ. Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é láti bí 1930, nígbà tó yá India náà wá ń ṣe irú ẹ̀ tà káàkiri, ará India sì ni ti màámi yìí. Agbára ẹṣin 6, ó ń yípo ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, kò sáré rárá, ìyẹn ló fi ń pẹ́ láyé. Bàámi ló rà á kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Bàámi ti lọ, ẹ̀rọ ṣì ń dún.

Mo kọ́kọ́ rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì, nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin méjì kí èéfín má baà yọ, ló jó. Níbi tí sáléńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ti so mọ́ héèdì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, irin kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí ìgúnpá, nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n fi dè é, bẹ́ńdì làwọn mẹ́káníìkì ń pè é, ibẹ̀ ni èéfín ti ń yọ. Mo ta epo sídìí àwọn nọ́ọ̀tì yẹn mọ́jú kí wọ́n tó gbà láti yí, ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò fagídí. Nígbà tí mo tú u tán, gásíkẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ńdì fúnra ẹ̀ ló sán, àmọ́ ojú lásán ò rí ibi tó parí sí torí èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti kun gbogbo ẹ̀ ní dúdú.

Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀gá mẹ́káníìkì àgbàlagbà kan fi hàn mí nígbà kan rí, òun ni mo lò. Ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha irin yẹn títí á fi dán, ẹ ó fi kẹrosíìnì pa á lára, ẹ ó fi í sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ó wá nù ún gbẹ pátápátá, ẹ ó sì lọ ẹfun kúnná kẹ́ ẹ fi pa á bí ẹni fi pàúdà pa ọmọ. Kẹrosíìnì tó ti sá wọ inú ibi tó sán ò ṣe é nù, á máa yọ díẹ̀díẹ̀, á wá fa ìlà dúdú sára ẹfun. Ìyá lẹ́kulẹ́ja tí mo ra ẹfun lọ́wọ́ wọn bi mí pé ètùtù kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní ètùtù ẹ́ńjìnì, wọ́n ní "Á gbà o." Kò pẹ́ tí mo fi rí i kedere: ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ létí fáláńjì, ibi pẹrẹsẹ tí ihò nọ́ọ̀tì wà, tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá yẹn lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i dé ìdajì.

Àkọ́kọ́: gọ́ọ̀mù "four minutes"

Ẹ má bú mi. Gbogbo wa la ní i nílé, èyí tó jẹ́ túùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lórí páálí. Mo ti fi lẹ tánkì omi, mo ti fi lẹ ẹsẹ̀ àga, mo ti fi lẹ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló dé tí mi ò ní gbìyànjú ẹ̀. Ó gan lóòótọ́. Ó le bí òkúta, mo ti ń yan kiri níwájú màámi. A wá tan ẹ́ńjìnì, a da gbodo sí i, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí òórùn ike tó ń jóná fi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, gọ́ọ̀mù tó le bí òkúta yẹn wá rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó ń yọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, ó já bọ́ pọ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé epoxy ni gọ́ọ̀mù yẹn, ìran ike sì ni epoxy. Tí ooru bá débì kan á rọ̀, tó bá kọjá ibẹ̀ á jó di èédú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ́pọ̀ yìí, ooru omi tó ń hó lásán ti tó láti ba agbára wọn jẹ́. Kódà J-B Weld tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́, 287°C ni wọ́n kọ pé ó lè gbà dé, ibẹ̀ sì ni òpin ẹ̀. Ara ìta bẹ́ńdì màámi nígbà tó bá ń lọ èlùbọ́ lójú méjèèjì, 270°C ni mo wọ̀n, inú lọ́hùn-ún tí èéfín ń gbà sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èmi wá lọ fi gọ́ọ̀mù bàtà sí i.

Ẹ má sì lọ fi èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà wọ̀n ọ́n o. Mo gbìyànjú ẹ̀, "Hi" ló ń kọ sí mi, ara èèyàn nìkan ló mọ̀. Ti ọmọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe lójúlé kejì sí tiwa ni mo yá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì: wẹ́dà

Mi ò ní bínú sí ọ̀gá wẹ́dà torí wọ́n kìlọ̀ fún mi. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi háḿà kékeré kàn án, wọ́n gbọ́ bó ṣe dún, wọ́n ní, "Àbúrò, káàsì nìyí o. Káàsì kì í gbọ́ràn." Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi jó o. Wọ́n jó o, ó mọ́ra, wọ́n gbé e kalẹ̀ kó tutù, àwa méjèèjì ń jẹ bọ́ọ̀lì lórí bẹ́ǹṣì ni a gbọ́ "tín!". Ọ̀gá ò tiẹ̀ yíjú wò ó. "Ṣó o gbọ́?" Ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó, ìlà tuntun, bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bí ọ̀rọ̀ káàsì, irin tí wọ́n yọ́ dà, ṣe rí nìyí, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi pẹ̀lú èyí tí mo kà kún un. Irin tí wọ́n fi ń ṣe géètì àti bọ́gìlárì, kábọ̀nù inú ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ti káàsì máa ń wà láàárín ìdá 2 sí 4. Kábọ̀nù yẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti yọ́ kí wọ́n sì dà á sí bátànì tó bá wù wọ́n, òun náà ló jẹ́ pé kì í tẹ̀, fífọ́ ló máa ń fọ́. Tí iná wẹ́dà bá wá bà á lójú kan, ojú ibẹ̀ á fẹ̀, tó bá ń tutù á fẹ́ sún kì, ibi tó kù láyìíká ẹ̀ á ní òun ò lọ, bí nǹkan ṣe ń já nìyẹn. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń jó o. Rọ́ọ̀dù níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ́kọ́ mú gbogbo irin yẹn gbóná lápapọ̀, wọ́n á jó o níwọ̀nba níwọ̀nba, wọ́n á sì rì í mọ́nú eérú gbígbóná kó má tutù lójijì. Rọ́ọ̀dù ọ̀hún ò sí lọ́wọ́ ọ̀gá, nígbà tí mo sì gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á mo dúpẹ́ pé kò sí.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo kàn ń wo ibi tí bẹ́ńdì ti ń so. Ọjọ́ yẹn ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè látòkè: kí ló sán an? Káàsì tó ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo wà ní pírámárì ò kàn ní jí lọ́jọ́ kan kó sán. Mo wá wo páìpù sáléńsà tó gba ara ògiri jáde síta, ó gùn bíi mítà 2 àtààbọ̀, kò sí nǹkan kan tó gbé e dúró. Ihò tó gbà jáde lára ògiri nìkan ni ó fi ń sinmi tẹ́lẹ̀, ihò yẹn sì ti fẹ̀ torí bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbọ̀n ni páìpù ń gbẹ́ bíríkì. Gbogbo ẹrù yẹn, orí bẹ́ńdì ló gbé e sí, tù-tù-tù, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbọ̀n. Mo tún gbójú sókè, mo rí ihò lára páànù òrùlé, ọ̀gangan ibẹ̀. Lásìkò òjò, omi ń kán tó, tó, tó sórí irin gbígbóná. Kò sí gọ́ọ̀mù tàbí iná wẹ́dà tó lè gba irin tó ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ là.

Gate

Mo lọ sí Àràròmí, ọjà páàtì ní Gate, mo ní kí n kúkú ra tuntun. Èyí tí wọ́n ní, ihò nọ́ọ̀tì ẹ̀ ò bá tiwa mu. Wọ́n ní èyí tó bá a mu á ti Èkó wá, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ la wà, ìgbà tí gbogbo ayé ń sá gbodo, ìgbà tí màámi ń pa owó tí wọ́n á fi jẹun dé oṣù kẹfà. Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè gbé lọ bá wọn. Ọmọkùnrin tó ń tajà yẹn rí ojú mi, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn káńtà, ó mú agolo kékeré kan jáde, ó ní "Bọ̀dá, ẹ gbé eléyìí dánwò." Gọ́ọ̀mù sáléńsà ni, ó dúdú, ó ki bí amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, wọ́n kọ 1000°C sára ẹ̀. Èmi kàn ń pè é ní gọ́ọ̀mù iná.

Mo gbé e délé, àǹtí mi tí wọ́n ń se ọṣẹ tà ló kọ́kọ́ dá a mọ̀, wọ́n fi ìka kan án, wọ́n ní "Ṣebí silikéètì nìyí, ó kàn dúdú ni." Òótọ́ ni. Sodium silicate ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, èyí kan náà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń dà sínú ọṣẹ kó lè le, wọ́n wá po lẹ́búlẹ́bú irin àti nǹkan bí amọ̀ mọ́ ọn. Omi ló wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ kó rọ̀. Tí omi bá ti lọ tí iná sì ti mú un, ohun tó máa ṣẹ́ kù sún mọ́ dígí àti òkúta ju ike lọ, ìyẹn ni kì í fi í jóná.

Àmọ́ ibi tó dáa sí náà ló burú sí. Dígí le, ṣé a lè tẹ dígí? Gọ́ọ̀mù yìí máa di ihò, kò ní gbé ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ fi so irin méjì tó ti já pátápátá tó sì ń gbọ̀n, ó ń tan ara ẹ̀ ni. Ti wa yìí sán, kò tíì já, ó ṣì di ara ẹ̀ mú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní ìgboyà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta: ìkánjú

Ìkánjú ló pa mí níbí. Èèyàn méje ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bàsíà, màámi ń wò mí láìsọ nǹkan kan. Mo ha bẹ́ńdì, mo fi pẹ́tíróòlù nù ún, mo wá bù gọ́ọ̀mù lé e gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ, ó nípọn bí ìka mi, torí mo rò pé bó bá ṣe nípọn tó bẹ́ẹ̀ ni á ṣe lágbára tó. Wákàtí 3 péré ni mo fi sá a sóòrùn, mo fọwọ́ kàn án, ó ti le, mo dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, a tan án.

Ẹ ti rí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná rí? Bó ṣe wú nìyẹn. Ìta nìkan ló gbẹ, inú ṣì tutù, omi inú ẹ̀ hó, ó di ooru, kò rí ibi gbà, ó wú u sókè pùúpùú, ihò wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀ bíi kànìnkànìn. Láàárín wákàtí kan èéfín ti ń gba àárín ihò yẹn yọ. Màámi ní kí n lọ jẹun. Ẹni tó bá mọ màámi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè di àárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà máa lọ sí ẹ̀rọ iwájú, ẹ̀rọ tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tó wú yẹn, iná ti mú un, omi ò lè fọ̀ ọ́ mọ́ (tí iná ò bá tíì kàn án, omi lásán tó o). Ṣísẹ́ẹ̀lì àti háḿà kékeré ni mo fi gbẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì yọ ibi tí ọ̀gá jó náà kúrò pẹ̀lú gíráíńdà. Lẹ́yìn ìyẹn ni díríìlì. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan tó sán, níbi tó parí sí gan-an, tí ẹfun fi hàn mí, mo lu ihò 3 mm sí i. Ẹ má fo èyí. Ibi tí nǹkan bá ya dé máa ń mú ṣóńṣó, orí ṣóńṣó yẹn ni gbogbo agbára ń kó jọ sí, òun ló ń jẹ́ kó máa ya lọ. Ihò róbótó yẹn á sọ ṣóńṣó di kúlúńbú. Bí télọ̀ ṣe máa ń ran ìdí síkẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti là á kó má baà ya dókè, ọgbọ́n kan náà ni.

Mo wá fi gíráíńdà la ojú ìlà yẹn fẹ̀ bíi lẹ́tà V, jíjìn ẹ̀ bíi ìdajì nípọn irin yẹn, kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi wọlé sí dípò kó kàn jókòó lókè bí eṣinṣin. Mo fi sáńpépà tó gbópọn ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 2 lápá ọ̀tún, 2 lápá òsì. Kì í ṣe kó dán o, kó rí ṣáṣá ni. Mo fi tínà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń pààrọ̀ àkísà títí àkísà funfun fi ń jáde ní funfun. Pẹ́tíróòlù tí mo lò níjọ́sí, epo díẹ̀ máa ń kù lẹ́yìn ẹ̀, gọ́ọ̀mù olómi ò sì ní mú lórí epo. Gbogbo eléyìí, ìta gbangba ni mo ti ṣe é, jìnnà sí ìdáná àdúgbò.

Wọ gílọ́ọ̀fù. Silikéètì ní agbára bí omi eérú, mi ò wọ̀ ọ́ nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń bó.

Mo fi omi díẹ̀ ra ojú irin kó má baà fa omi inú gọ́ọ̀mù lójijì, mo wá fi ọ̀bẹ tí kò mú tẹ ẹ́ sínú V yẹn, mo ń tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má sá sí i. Tínrín. Kò ju 2 mm lọ. Mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ ń fẹ́, àìsí omi lójú ọ̀run wúlò fún mi lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Láàárọ̀ mo gé asẹ́ tíì mi, èyí tó jẹ́ wáyà aláìdípẹtà, mo gé e bí báńdéèjì, mo tẹ́ ẹ lé gọ́ọ̀mù tútù tínrín míì, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo tún fi ìpele kan bo orí ẹ̀. Asẹ́ yẹn ló dà bí irin tí wọ́n ń fi sínú kọnkéré, torí gọ́ọ̀mù nìkan á sán. Káàsì tó gùn sẹ̀ǹtímítà 15, tí ẹ bá fi 250°C mú un gbóná, á gùn sí i bíi 0.4 mm, tó bá tutù á padà. Ojoojúmọ́ ni ìyẹn máa ṣẹlẹ̀, gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ bá a jó ijó yẹn. Lẹ́búlẹ́bú irin tó wà nínú ẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́, kó má yàtọ̀ púpọ̀ sí irin tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo sì fi kílíìpù irin méjì tí wọ́n ń fi dè hóòsì rádíétọ̀ fún un mọ́ra.

Wákàtí 24 lábẹ́ òjìji. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo tiẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Sọ́ńdè lọ́sàn-án ni iná. Kì í ṣe iná ẹ́ńjìnì, iná kóòlù pọ́ọ̀tù tí màámi fi ń sun àgbàdo. Mo gbé bẹ́ńdì sórí irin gogoro kan tó jìnnà sí èédú, mo ń na tẹmómítà sí i, tó bá ti fẹ́ kọjá 95°C mo gbé e sókè, tó bá sọ̀kalẹ̀ mo fẹ́ iná. Wákàtí 2 ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń wá ni kí omi jáde kó má hó, tó bá hó àkàrà la tún máa din. Èèyàn tó ń kọjá lọ bi mí pé ṣé irin ni mò ń sun jẹ. Lẹ́yìn wákàtí 2 mo sún un mọ́ iná, ó dé 150, ó dé 200, ó ré 200 kọjá, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bíi wákàtí kan. Mo wá rì í mọ́nú eérú títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo yọ ọ́ jáde mo fi orí síkúrúdíráfà kàn án, ó dún kọ̀n-ọ̀n bí irin. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, pọ̀ ló ń dún.

Kí n tó dè é padà mo lọ bá ọ̀gá wẹ́dà, wọ́n bá mi fi áńgúlù áyọ́ọ̀nù ṣe apá méjì tó máa gbé páìpù dúró, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Àwọn ló rán mi létí pé kí n má dè é pa, torí páìpù mítà 2 àtààbọ̀ náà máa ń gùn tó bá gbóná, ó lè tó mìlímítà 4. A fi àyè sílẹ̀ kó lè máa yọ́ síwá yọ́ sẹ́yìn nínú ìdè ẹ̀. Páànù tó lu, mo gun òkè, mo pa á pẹ̀lú kọltá àti àkísà, ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti ń ba nǹkan jẹ́ láti ọdún wo.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, nọ́ọ̀tì méjèèjì ni mo ń dè díẹ̀díẹ̀ ní àtẹ̀léra, kì í ṣe kí n de ọ̀kan pa kí n tó kan èkejì, ìyẹn náà máa ń sán fáláńjì. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ní kété tí a tan ẹ́ńjìnì tí irin ṣì tutù, àbúrò mi fi àkísà di ẹnu páìpù níta díẹ̀, èmi fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi ọṣẹ sára bẹ́ńdì. Tó bá ń jò, ọṣẹ á hó. Ibi tí mo lẹ̀ ò hó. Létí gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti hó díẹ̀, mo yí nọ́ọ̀tì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo sí i, ó dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìgbé ẹrù, a pa á, ó tutù, a tún tan án, lẹ́yìn ìyẹn la tó da gbodo sí i.

Oṣù kìíní ọdún ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Wákàtí 5 sí 6 lójúmọ́, òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ṣì wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo rí àwọn ìlà tínrín lójú gọ́ọ̀mù, bí ilẹ̀ tó gbẹ, àmọ́ kò wọnú dé asẹ́, mo ha á díẹ̀, mo ra omi sí i, mo fi ìpele tínrín kan bò ó, mo tún fi kóòlù pọ́ọ̀tù mú un. Látìgbà náà kò sí nǹkan kan.

Ìṣòro tó kù ni pé àdúgbò ti gbọ́. Ìyá kan gbé ìkòkò alumí wá pé kí n bá àwọn lẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní fi silikéètì síbi tí oúnjẹ wà, àti pé agbára bí omi eérú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ń jẹ alumí ni, kò ní pẹ́ ṣí. Ẹnìkan tún gbé sìlíńdà gáàsì wá, torí Ọlọ́run, sìlíńdà gáàsì! Mo ní kó yáa gbé e lọ kó sì má tan iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń di atẹ́gùn líle mú, tàbí bíréèkì, tàbí tánkì epo, gọ́ọ̀mù yìí ò wà fún un. Èéfín tó ń kọjá lọ kò ní agbára tìtì, ìyẹn nìkan ni mo fi gbẹ́kẹ̀ lé e.

Alhájà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé àtúnṣe yẹn, wọ́n bu èlùbọ́ sọ́wọ́, wọ́n fi sí imú, wọ́n pa ojú dé, gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n ní "Ẹ lọ èyí tó kù." Bẹ́ńdì tuntun tí mo sanwó ẹ̀ ní Gate ti dé láti ọjọ́ yìí wá, ó wà nínú láílọ́ọ̀nù ẹ̀ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sẹ̀ tí màámi bá gbà kí n pa ẹ́ńjìnì fún ọjọ́ kan ni mo máa dè é.